Kámẹ́rà Tó Wà Láyà Agbófinró: Ta Ló Ń Tẹ Bọ́tìnnì Rẹ̀?

Gbogbo wa la ti rí i nínú fídíò orí fóònù. Ọlọ́pàá Amẹ́ríkà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ẹni tó dá dúró, ohun dúdú kékeré kan á wà láàárín àyà rẹ̀, iná kékeré á máa tàn lára rẹ̀. Àwọn kan nínú kíláàsì wa ń jiyàn pé rédíò ni. Kì í ṣe rédíò o, kámẹ́rà ni. Bọ́dì kámẹ́rà ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Èmi á máa pè é ní kámẹ́rà àyà, torí pé àyà ló sábà máa ń wà. Ó ń ya fídíò, ó sì ń gba ohùn sílẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́ lọ́la, ẹ̀rí á wà nílẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí ni pé mo kà á pé àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí agbára wọn pọ̀ jù, ló gbé kámẹ́rà yìí wọ̀ kẹ́yìn. Nígbà tó sì yá, àwọn kan nínú wọn tún bọ́ ọ sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ètò ọlọ́pàá wọn kò jọ tiwa rárá. Lọ́dọ̀ wa, ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo la ní láti Ṣókótó dé Badagry, ìjọba àpapọ̀ ló sì ni ín. Gómìnà lè pariwo títí, ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá l'Ábújá ni kọmíṣánnà ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. (Ẹ máa bi mí pé Àmọ̀tẹ́kùn ńkọ́? Ti ìpínlẹ̀ ni, àmọ́ wọn kì í ṣe ọlọ́pàá.) Ní Amẹ́ríkà, ìlú ní ọlọ́pàá tirẹ̀, káúńtì ní tirẹ̀, ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀, kódà yunifásítì míì ní tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lé ní 17,000 ilé iṣẹ́. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ti ìjọba àpapọ̀ wá: FBI tó ń wádìí ọ̀ràn ńlá, DEA tó ń gbógun ti oògùn olóró bíi NDLEA tiwa, ATF tó ń rí sí ọ̀ràn ìbọn àti ohun abúgbàù, àwọn Marshal tó ń ṣọ́ kóòtù tó sì ń wá àwọn tó sá lọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààlà, ICE tó ń mú àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú, àti ọlọ́pàá ọgbà ìtura ìjọba tí wọ́n ń pè ní Park Police. Àwọn wọ̀nyí kò sí lábẹ́ gómìnà tàbí olórí ìlú kankan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìtàn kámẹ́rà náà fẹjú ní ọdún 2014. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ní ìlú Ferguson ní ìpínlẹ̀ Missouri, ọlọ́pàá kan yìnbọn pa Michael Brown, ọmọ ọdún 18, tí kò ní ohun ìjà kankan lọ́wọ́. Àwọn kan tó wà níbẹ̀ ní ọmọ náà ti gbé ọwọ́ sókè. Ọlọ́pàá ní ó ń bọ̀ wá kọlu òun ni. Kò sí kámẹ́rà kankan tó ya bí ìbọn ṣe dún. Ìlú gbóná, wọ́n ṣe ìwọ́de títí, iná jó ilé ìtajà. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, àmọ́ níbí yìí ẹnì kan ti kú, báwo la ṣe fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀?

Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, Ààrẹ Obama ní òun fẹ́ kí wọ́n ná 75 mílíọ̀nù dọ́là láàárín ọdún mẹ́ta láti fi ra 50,000 kámẹ́rà àyà. Owó yẹn, ọlọ́pàá ìlú àti ti ìpínlẹ̀ ni wọ́n wá a fún. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ fúnra wọn kò fi kámẹ́rà sáyà nígbà yẹn. Ó dà bí ìgbà tí ọ̀gá ilé ìwé bá ra káàdì ìdánimọ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó sì ní ẹni tí kò bá fi kọ́rùn kò ní wọlé, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní ẹyọ kan. (Kì í ṣe ọ̀gá tiwa ni mò ń bá wí o, ẹ jọ̀ọ́!)

Báwo ni kámẹ́rà náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé láti àárọ̀ tí ọlọ́pàá bá ti wọ aṣọ ló ti ń ya gbogbo nǹkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì kò lè gbé e, ibi tí wọ́n ń tọ́jú fídíò sí á kún, wọn ò sì fẹ́ kó ya ọlọ́pàá nínú ilé ìyàgbẹ́. Ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ló máa ń tẹ bọ́tìnnì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya é pamọ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ náà bá ti wà ní títàn, ó ń wo iwájú rẹ̀ láìdákẹ́, ó ń gba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ mọ́ra, ó sì ń pa á rẹ́ bí tuntun bá ṣe ń wọlé. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá tẹ bọ́tìnnì, á fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú títẹ̀ náà kún un. Nínú ọ̀pọ̀ tí ilé iṣẹ́ Axon ń ṣe, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni, kò sì ní ohùn.

Ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn ló tú àṣírí ọlọ́pàá kan ní ìlú Baltimore ní ọdún 2017. Ó lọ síbi ìdọ̀tí kan lẹ́yìn ilé, ó ki ọ̀rá oògùn olóró bọ inú agolo, ó jáde sí títì, ó wá tẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà rẹ̀. Ó padà wọlé, ó ń tú ìdọ̀tí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ó gbé agolo, ó ní òun ti rí oògùn! Kò mọ̀ pé kámẹ́rà ti fi ìṣẹ́jú àáyá 30 tó ṣáájú kún un. Lọ́yà ìjọba tó ń gbèjà ẹni tí wọ́n mú ló rí i nínú fídíò. Wọ́n fagi lé ẹjọ́ ẹni yẹn, kóòtù sì dá ọlọ́pàá náà lẹ́bi ní ọdún 2018 pé ó ṣe ẹ̀rí èké. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún àbúrò mi, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, "Tí kámẹ́rà yẹn ò bá sí ńkọ́?" Ọkùnrin tí wọ́n mú yẹn ì bá ṣì wà lẹ́wọ̀n.

Ọlọ́pàá ìlú nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀.

Àwọn FBI àti àwọn ilé iṣẹ́ míì tó wà lábẹ́ ẹ̀ka ètò ìdájọ́ ní ìdí tí wọ́n fi kọ kámẹ́rà fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò sì rò pé ìdí wọn jẹ́ irọ́ pátápátá. Wọ́n ní àwọn máa ń lo olófòófó, ẹni tó ń bá wọn rìn láàárín àwọn ọ̀daràn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá hàn nínú fídíò, wọ́n lè pa á. Wọ́n tún ní àwọn ò fẹ́ kí ọ̀daràn wo fídíò kó fi kọ́ bí àwọn ṣe ń wọ ilé. Ó mọ́gbọ́n wá. Àmọ́ wọn ò dúró lórí tiwọn nìkan. Wọ́n máa ń yá ọlọ́pàá ìlú láti bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀, ọlọ́pàá ìlú tó sì ti ń lo kámẹ́rà nílé, bó bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, àfi kó bọ́ ọ sílẹ̀.

Èyí ló fa ìjà ní Atlanta ní ọdún 2019. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọlọ́pàá Atlanta kan tó ń bá FBI ṣiṣẹ́ yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò ní ìbọn. Kò sí fídíò, torí òfin FBI ni. Erika Shields, ọ̀gá ọlọ́pàá Atlanta nígbà náà, ní bí àwọn èèyàn òun ò bá ní lo kámẹ́rà, wọn ò ní bá wọn ṣe mọ́, ó sì kó wọn kúrò. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn fún ohun tó ṣe. Ní oṣù kẹwàá 2020, ẹ̀ka ètò ìdájọ́ gbà pé ọlọ́pàá ìlú lè lo kámẹ́rà wọn bí wọ́n bá fẹ́ lọ mú èèyàn tàbí tú ilé. Àwọn ti ìjọba àpapọ̀ fúnra wọn ńkọ́? Ó di ọjọ́ 7 oṣù kẹfà 2021 kí igbákejì agbẹjọ́rò àgbà, Lisa Monaco, tó kọ̀wé sí FBI, DEA, ATF àti àwọn Marshal pé kí wọ́n mú ètò kámẹ́rà wá láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó ti tó ọdún mẹ́fà àtààbọ̀ lẹ́yìn tí Obama ti ń wá owó kámẹ́rà fún àwọn ẹlòmíì.

Ọ̀ràn kan wà tó bà mí lọ́kàn jẹ́ ju gbogbo èyí tí mo kà lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 2017, Bijan Ghaisar, akáúńtáǹtì ọmọ ọdún 25, ń wa mọ́tò rẹ̀ lọ ní Virginia, lẹ́bàá Washington. Mọ́tò kan gbá a lẹ́yìn. Kò dúró, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Park Police méjì tẹ̀ lé e. Ó dúró, ó tún lọ, ó tún dúró, ó tún lọ. Nígbà tó dúró lẹ́ẹ̀kẹta tí mọ́tò rẹ̀ tún fẹ́ máa yí, wọ́n yìnbọn lù ú léraléra. Kò ní ìbọn, kò ní ọ̀bẹ. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló kú sí ilé ìwòsàn.

Park Police kò ní kámẹ́rà àyà, wọn ò ní ti inú mọ́tò. Àwọn òbí rẹ̀ ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó mọ orúkọ àwọn tó yìnbọn. Ohun tí wọ́n fi mọ bí ọmọ wọn ṣe kú ni pé, ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọlọ́pàá káúńtì Fairfax kan ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn láti ṣèrànwọ́, kámẹ́rà sì wà nínú mọ́tò tirẹ̀. Òun ló ya gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2018, ọ̀gá ọlọ́pàá Fairfax gbé fídíò náà jáde fún gbogbo ayé. Ẹ wò ó: ọlọ́pàá àdúgbò ló jẹ́ ká rí ohun tí ti ìjọba àpapọ̀ ṣe. Bí ọlọ́pàá yẹn bá ya sí títì míì ní alẹ́ ọjọ́ náà, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀.

Fídíò wà, ẹjọ́ kò rọrùn síbẹ̀. FBI wádìí fún ọdún méjì, ẹ̀ka ètò ìdájọ́ ní àwọn ò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ìjọba àdúgbò wá pe àwọn ọlọ́pàá méjèèjì lẹ́jọ́ ìpànìyàn ní oṣù kẹwàá 2020. Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ da ẹjọ́ náà nù ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ní iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ń ṣe, òfin ìpínlẹ̀ kò lè mú wọn. Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé ohun tí mo kà nìyẹn.

Gbogbo wa la mọ ti George Floyd, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 2020 ni. Àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tí ọlọ́pàá Minneapolis fi síta sọ pé àìsàn ló ṣe ọkùnrin náà nígbà tí wọ́n mú un. Wọn ò dárúkọ orúnkún. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17, Darnella Frazier, tó fi fóònù rẹ̀ ya fídíò, ló jẹ́ kí ayé mọ̀. Ọdún kan péré ló fi jù mí lọ nígbà yẹn. Àwọn ọlọ́pàá náà ní kámẹ́rà láyà o, wọ́n sì lo fídíò wọn ní kóòtù, àmọ́ ọwọ́ ọlọ́pàá ni tiwọn wà, fóònù ọmọbìnrin yẹn ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ aráyé.

Nígbà tó pé ọdún méjì gééré lẹ́yìn ikú Floyd, Ààrẹ Biden fọwọ́ sí àṣẹ kan pé kí àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ máa lo kámẹ́rà àyà. Ó dára. Àmọ́ àṣẹ ààrẹ ni, kì í ṣe òfin tí ilé aṣòfin ṣe. Ilé aṣòfin kejì, èyí tí àwọn aṣojú wà, ti gba àbádòfin kan wọlé ní oṣù kẹta 2021 tó ní kámẹ́rà nínú, ilé aṣòfin àgbà kò gbà á wọlé. Ohun tí ààrẹ kan bá sì fi bírò kọ, ààrẹ míì lè fi bírò pa á rẹ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní 2025, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ààrẹ Trump padà sípò, ó fagi lé àṣẹ náà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àṣẹ míì. Ní oṣù kẹrin, DEA dá lílo kámẹ́rà tiwọn dúró. Bírò méjì péré, ètò tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ jà fún.

Ṣé kámẹ́rà tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Olùkọ́ kan bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo fi ohun tí mo kọ hàn wọ́n, ìbéèrè gidi sì ni. Ní ìlú kékeré Rialto ní California, láti 2012, wọ́n dán an wò fún ọdún kan pẹ̀lú ọlọ́pàá 54. Ẹ̀sùn tí aráàlú ń fi kan ọlọ́pàá fi ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù sí ti ọdún tó ṣáájú, lílo agbára sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá 60 dín kù. Inú gbogbo èèyàn dùn. Washington wá dán an wò pẹ̀lú ọlọ́pàá tó lé ní 2,000, wọ́n fi ìbò mú àwọn tó máa lò ó àti àwọn tí kò ní lò ó. Èsì rẹ̀ jáde ní 2017: kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ẹni tó bá sọ pé kámẹ́rà á sọ ọlọ́pàá burúkú di ẹni rere, ó ń tan ara rẹ̀. Ní tèmi, ibi tí kámẹ́rà ti wúlò jù ni lẹ́yìn tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń béèrè pé ta ló ń parọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe pàtàkì pé ta ló ni fídíò lọ́wọ́. Ní Chicago, ní oṣù kẹwàá 2014, ọlọ́pàá yìnbọn lu Laquan McDonald, ọmọ ọdún 17, ní ìgbà 16. Ìwé tí àwọn ọlọ́pàá kọ sọ pé ó gbé ọ̀bẹ kọjú sí wọn. Kámẹ́rà inú mọ́tò fi hàn pé ó ń rìn kúrò lọ́dọ̀ wọn ni. Fídíò yẹn wà nílẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ ìjọba ìlú pa á mọ́ fún oṣù mẹ́tàlá, títí adájọ́ fi pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e síta. Kámẹ́rà ṣe tirẹ̀. Àpótí tí wọ́n tì í mọ́ ni kò ṣe tirẹ̀.

Chicago kan náà ni ọ̀rọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ tún ti ṣẹlẹ̀ ní 2025. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ààlà àti ICE ya wọ ìlú náà láti mú àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú. Àwọn aráàlú ń ṣe ìwọ́de, wọ́n ń ju tajútajú sí wọn, àwọn akọ̀ròyìn náà wà níbẹ̀. Wọ́n lọ sí kóòtù. Ní oṣù kẹwàá, Adájọ́ Sara Ellis pàṣẹ pé kí àwọn tó ní kámẹ́rà àyà nínú wọn fi sáyà, kí wọ́n sì tàn án. Ọ̀gá wọn, Gregory Bovino, ti sọ pé ẹnì kan la òkúta mọ́ òun kí òun tó ju tajútajú. Nígbà tí fídíò jáde tí wọ́n sì fi ìbéèrè gbá a mú, ó gbà pé kò sí òkúta tó bà á kí ó tó jù ú. Ní oṣù kọkànlá, adájọ́ kọ ìdájọ́ tó gùn ju ojú ìwé 200 lọ, ó ní ohun tí àwọn agbófinró sọ àti ohun tí kámẹ́rà wọn rí kò bára mu. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá òfin tó gbé kalẹ̀ dúró nínú oṣù yẹn kan náà, wọ́n ní ó gbòòrò jù.

Ó ku nǹkan kan tí mi ò fẹ́ fò, nítorí òun ló jẹ́ kí kámẹ́rà ṣe pàtàkì fún ti ìjọba àpapọ̀ ju fún ti ìlú lọ. Bí ọlọ́pàá ìlú tàbí ti ìpínlẹ̀ bá fi ẹ̀tọ́ rẹ dù ọ́ ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà láti 1871 tó jẹ́ kí o lè pè é lẹ́jọ́ gba owó gbà-má-bínú. Òfin yẹn kò dárúkọ agbófinró ìjọba àpapọ̀. Ní 1971, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà pé wọ́n lè pe àwọn náà lẹ́jọ́ nínú ọ̀ràn kan tí agbófinró já wọ ilé onílé láìní ìwé àṣẹ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dín ilẹ̀kùn yẹn kù. Ní 2022, ọkùnrin kan tó ní ilé ìtura lẹ́bàá ààlà Kánádà ní ẹ̀ṣọ́ ààlà kan wọ ọgbà òun, ó sì taari òun lulẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kò lè tipasẹ̀ ìdájọ́ 1971 gba nǹkan kan, pé bó bá ní ẹ̀sùn, kó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ààlà, wọ́n á wádìí ara wọn.